Ìyá Mi, Ẹ Má Kúnlẹ̀ Nítorí Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àárò ọmọ tó jìnnà, ẹ sì kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí wa. Orí pétéèsì tó wà lẹ́yìn Ìgá, ààfin Ọba Èkó, ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, Kúdí ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ó ti sùn. Mo kí Bọ̀dá Rábíù, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan o. Mo mọ̀ yín, tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dun Màmá, ẹ máa ń fò ó. Mo kí gbogbo ìyàwó agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn, mo kí àwọn ọmọ wọn, mo kí Àlùfáà tó sọ mí lórúkọ. Ṣé ara le? Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ yín? Níbí, a ti rí i tó, a fẹ́ kó sinmi.

Mo mọ̀ pé ìránṣẹ́ àwọn ará ilé ọkọ mi ti dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n ní kí ẹ wá sí Èkó kí ẹ wá bẹ̀bẹ̀, pé ọmọ yín gbé ọ̀rọ̀ ilé dé ọ́fíìsì lọ́yà, ó sì ba tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lójú jẹ́. Wọ́n ní bí mo bá padà lọ bá lọ́yà náà pé mo ṣì í sọ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ sílé yín, kí n fi Kúdí sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn kó tẹ̀ ẹ́, dípò kí n fi rán awakọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níta kí n tó la ẹnu. Àwọn tí n kò rí rí ń bú mi lórí fóònù, àwọn mìíràn tí n kò mọ̀ rí ń gbè mí. Èmi tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí nìkan ló kù tí kò tíì sọ tirẹ̀.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń múra mi sílẹ̀ fún ilé ọkọ. Ẹ kì mí nílọ̀ pé gbogbo ẹni tí mo bá bá nínú ilé yẹn, ọkọ mi ni, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ẹ ní kí n wo olúkúlùkù dáadáa kí n wá orúkọ tó bá a mu fún un. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni àgbà ilé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ó sì ń bá àwọn lọ́yà kọ̀wé ní Igbósẹrẹ̀ nígbà náà, mo pè é ní Bọ̀dá Akọ̀wé. Inú rẹ̀ dùn sí i gan-an. Àbúrò wọn obìnrin, tó wà nílé ìwé girama nígbà náà, òun ló gbà mí lákòókò.

Ìyá mi, ọmọ yẹn kì í rìn. Tí òjò bá rọ̀ tí ọ̀sà sì kún, omi máa ń dúró ní ojú ọ̀nà wa débi pé bàtà á máa léfòó. Ọmọ yìí á gbé jẹ́ríkánì omi mímu rù, á bẹ́ sórí búlọ́ọ̀kù kan, á bẹ́ sí òmíràn, á fi ọwọ́ kan di irin fèrèsé mú, kí o tó mọ̀, ó ti dé orí àtẹ̀gùn, ìbọ̀sẹ̀ funfun ilé ìwé rẹ̀ kò ní ẹrẹ̀ kankan. Mo dúró lókè, mo ń wò ó, mo ní, háà, ẹsẹ̀ eléyìí ò kanlẹ̀ o. Bí mo ṣe sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi gbé e lẹ́nu. Bọ̀dá Akọ̀wé alára ń fi pè é. Títí di òní n kò pe orúkọ rẹ̀ gidi rí, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí, tí ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín lórúkọ gbàù, mi ò bá yín jà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni mò ń ṣe.

Nígbà tó yá, òjò kan dé tó kọ̀ tí kò dá. Ọkọ mi, Bàbá Kúdí, pátákó ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ tó sì ń ya àwòrán sí, ta ló sì fẹ́ kun pátákó nínú òjò? Gbogbo wa wà lókè ní pálọ̀. Ó ń ya nǹkan sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Bọ̀dá Akọ̀wé ń ka ìwé ìròyìn. Èmi ń dín dòdò ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo kígbe pé Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀, ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó bóyá omi ti dé ibi ìdáná ìsàlẹ̀. Bàbá Kúdí rẹ́rìn-ín. Ó ya ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé, tó ru jẹ́ríkánì, tó dúró lójú omi gbalasa. Bọ̀dá Akọ̀wé gbà á wò, ó bi í pé kí ló dé tí kò rì. Bàbá Kúdí ní òun ò mọ̀ o, òun kàn yà á ni. Èmi tí mo ń yí dòdò padà, mo ní báwo ni ó ṣe máa rì nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀? Bọ̀dá ní ọjọ́ tó bá wá kanlẹ̀ ńkọ́? Mo ní ọjọ́ náà ló máa dà bíi tiwa, á lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi kí wọ́n máa bú u. Mo ní èèwọ̀ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ títí ohun tó gbé á fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá dìde lọ mú bírò. Ibi tí kọ́míìkì náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwé àwòrán tí ìtàn wà nínú rẹ̀, tí ẹ rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ Bọ̀dá Rábíù.

Mi ò ní gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ o. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn, Bọ̀dá Akọ̀wé ló kọ ọ́. Òun ló ronú ọkùnrin tó ń jí ohùn àwọn ènìyàn gbé ní Ìdúmọ̀tà, tó ń kó o sínú ìgò. Gbogbo àwòrán ibẹ̀, ọkọ mi ló yà á, ọrùn rẹ̀ sì ti tẹ̀ nídìí rẹ̀. Èmi ni mo ń ká ìwé náà, tí mo ń fi pín-ìn-nì kàn án pọ̀. Nígbà tí ó gbayì, ó gbayì lóòótọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń bẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù káàkiri, àwọn ìyá wọn ń lé wọn pẹ̀lú pàṣán pé àwọn ò bí Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀. Wọ́n ń kà á lórí fóònù títí dé òkè òkun. Kúdí dé lákòókò náà. Mo rò pé ìgbà mi ti tò.

Rédíò ló bà á jẹ́. Wọ́n pe Bọ̀dá Akọ̀wé kó wá sọ̀rọ̀, a jókòó nílé, a ń gbọ́ ọ. Olóòtú bi í pé níbo ni ó ti rí ọmọbìnrin yìí. Ó ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkàn òun kàn ṣí. Ó ní òun ni òun dá a. Ó wá ní àbúrò òun kan bá òun ya àwọn àwòrán rẹ̀. Àbúrò òun kan! Bàbá Kúdí ń jẹun lọ́wọ́, òkèlè dé ẹnu rẹ̀, ó dá a padà sínú àwo. Ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù, ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, títí pẹ́ńsùlù náà fi ku kékeré.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó fẹ́ràn ìwé yìí ti pín sí méjì. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù báábà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà á. Ọ̀gá báábà ń gbè sẹ́yìn ọkọ mi. Tíṣà kan tó máa ń wá gẹ irùngbọ̀n ń gbè sẹ́yìn Bọ̀dá. Tíṣà ní ta ló fún ọmọ náà lẹ́nu? Ó ní bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ọmọbìnrin tó ru omi lásán ló kù. Ọ̀gá báábà ní kó yọ àwòrán kúrò kó gbé ọ̀rọ̀ nìkan fún ọmọ rẹ̀ nílé, kó wò ó bóyá ọmọ náà á fi ọwọ́ kàn án. Tíṣà ní ẹni tó kọ ọ́ ni bàbá, ẹni tó yà á, agbẹ̀bí ni. Ọ̀gá báábà ní ó dára, ṣé Tíṣà ti rí agbẹ̀bí tó gbé oyún fúnra rẹ̀, tó tún rọbí? Oníbàárà tó wà lórí àga, apá kan orí rẹ̀ ti fá, apá kan ṣì dúdú, ó ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ parí orí mi ná kí ẹ tó pa ara yín.

Tí mo bá ń kọjá, wọ́n á dá mi dúró. Wọ́n á ní ìyàwó, ìwọ lo wà nínú ilé, ta ló ni ín nínú àwọn méjèèjì? Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní Kúdí fẹ́ mu ọmú. Bí mo ṣe di ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ ra iyọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í ní ìbéèrè nìyẹn.

Òkè náà kò sì ṣeé gbé. Fèrèsé yàrá wa kọjú sí ògiri ilé kejì, tí mo bá na ọwọ́, mo kàn án. Aṣọ Kúdí kì í gbẹ, ó máa ń rùn bí ọ̀sà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, pálọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Bàbá Kúdí á ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé iná ti fẹ́ tán. Bọ̀dá á ní kí n sọ fún àbúrò òun pé òun ti gbọ́. Wọ́n jókòó, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, èmi á dúró láàárín, màá máa tún ohun tí etí gbogbo wa ti gbọ́ sọ. Ìwé kò jáde mọ́. Owó ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá obìnrin kan ta síìpù àti bọ́tìnnì ní Ìdúmọ̀tà la fi ń jẹun, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí nǹkan gbà lọ́wọ́ mi láti ìgbà àwẹ̀. Tí ẹ bá pè, mo máa ń ní gbogbo wa wà dáadáa. Kí ni n bá ní? Pákó ló pín yàrá wa àti pálọ̀ níyà. Kò sí ará Ìsẹ́yìn kan nítòsí tí mo lè jókòó tì kí n sunkún.

Ilé iṣẹ́ kan wá ní àwọn fẹ́ fi Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ ṣe fíìmù, kí àwòrán náà máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀. Lọ́yà wọn ní Igbósẹrẹ̀ ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó dá a, nítorí ariwo tó wà níta. Bọ̀dá ní òun ni. Bàbá Kúdí ní òun ni. Lọ́yà ní ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ìyàwó wà níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe fọkàn tán mi. Bọ̀dá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ìyàwó wa, òótọ́ ni kó o sọ o, mi ò ní kó o gbè mí. Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé bí òótọ́ náà ṣe rí fún mi, pé òun béèrè ìdí tí ọmọ náà kò fi rì, pé ìbéèrè yẹn ni ìpìlẹ̀. Ó tún rán mi létí, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé yàrá tí a ń gbé, bàbá àwọn ló kọ́ ọ, òun ló sì ń pín in. Bàbá Kúdí ní tirẹ̀ ní òun ò ní há nǹkankan sí mi lórí. Ó ní kí n kàn rántí ẹni tí Kúdí ń jọ. Bí mo bá gbè sẹ́yìn ọkọ mi, a ó wá ilé mìíràn. Bí mo bá gbè sẹ́yìn Bọ̀dá, mi ò ní ọkọ mọ́. Bí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀, mi ò ní ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ náà pé, a lọ. Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ bá mi lọ kó lè bá mi gbé Kúdí. Ó ti dàgbà báyìí, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lọ́yà náà, ọmọbìnrin kan tó dà bí ẹni pé ó kéré sí mi, ọmọ àwọn Àgùdà tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì dé, ó ní Mádáàmù, ẹ fara balẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Mo fẹ́ sọ ti ọkọ mi. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé òjò ń rọ̀, mò ń dín dòdò, mo sì pe Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀.

Lọ́yà ní rárá, Mádáàmù, ẹni inú ìwé kọ́ là ń wí, ẹni tó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà ni kí ẹ sọ. Mo ní òun náà ni mò ń wí, ó wà nínú ilé, mo rán an níṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé ìwé ti wà nígbà yẹn? Mo ní kò tíì sí. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní báwo lẹ ṣe wá pe ẹni tí wọn ò tíì dá?

Mo ní wọn ò dá a, àbúrò ọkọ mi ni, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó ní ó dáa, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an kí òun kọ ọ́? Mo ní mi ò lè pè é. Lọ́yà wo Bọ̀dá, ó wo ọkọ mi, ó rò pé wọ́n ti halẹ̀ mọ́ mi. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn mí níwájú òun. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rù, ọkọ mi ni, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ó na bírò sí mi. Ìyá mi, mo gbà á, mo gbé e lé ìwé, ọwọ́ mi kọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ti jáde lẹ́nu mi, orúkọ kan ṣoṣo ni kò lè jáde.

Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, Kúdí wà léjìká rẹ̀. Ó ní èmi ni. Ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀. Ó ní ìyàwó wa ló sọ òun bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan lórí ìwé. Ó ní èèwọ̀ ọmọ náà, pé kò gbọdọ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ títí ẹrù á fi dé ọwọ́ olówó rẹ̀, ẹnu ìyàwó náà ló ti jáde, etí òun méjèèjì gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Ó wá kọjú sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, ẹ kàn ń ṣe bí ẹni pé dòdò nìkan lẹ jẹ lọ́jọ́ náà.

Lọ́yà bi wọ́n pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀dá ní àwàdà ìdí ààrò lásán ni. Ọkọ mi ní orúkọ kì í ṣe àwòrán. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí láti ọjọ́ rédíò nìyẹn. Lọ́yà ní a jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà máa bá sọ̀rọ̀. Mo sáré ní mi ò béèrè nǹkankan o. Ó ní bóyá mo béèrè tàbí n kò béèrè, òun ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì ń lọ níwájú, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀! Inú mi kọ́kọ́ dùn. Àṣé èmi ni wọ́n ń sọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ṣọ́ọ̀bù báábà ní ìsàlẹ̀. Tíṣà ní irú kí ni èyí, ṣé gbogbo ẹni tó bá ti sọ ènìyàn lórúkọ ìnagijẹ ló máa wá gba ìwé ni? Ọ̀gá báábà ní Tíṣà, yọ orúkọ kúrò, yọ èèwọ̀ kúrò, kí ló kù fún ọ? Wọ́n ní Tíṣà ní kó kàn rọra gẹ irùngbọ̀n òun. Lórí fóònù, ẹnì kan kọ ọ́ pé ará oko tó gbọ́ òórùn owó fíìmù ni mí. Obìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fi ohùn ránṣẹ́, ó ń sunkún, ó ní ìyá òun ló sọ gbogbo ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí wọ́n fi kú. Mo gbọ́ ohùn náà títí bátìrì fi tán.

Ẹbí ṣe ìpàdé. Wọ́n ní kí Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ọmọdé ni. Wọ́n ní kí èmi lọ mú àwọn ènìyàn mi wá. Bọ̀dá kò bú mi o. Ìyàwó wa ló máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo dé, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ kí n gbé àga sún, ó ní Ìyá Kúdí. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí báyìí. Àwọn méjèèjì ti ń jẹun pọ̀ nínú àwo kan. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ẹ̀yìn pákó, tí mo bá gbé omi wọlé, wọ́n á dákẹ́. Ilé tí wọ́n ní mo bà jẹ́ ti tò, èmi nìkan ló kù síta.

Bàbá Kúdí kò le mọ́ mi. Ó ní òun mọ̀ pé òótọ́ ni, òun ti ń mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n Bàbá Ẹsẹ̀-Ò-Kanlẹ̀ ni wọ́n ń pe òun ní ìta, níbo ni kí òun gbé ojú òun sí bí wọ́n bá ní ìyàwó òun ló fi fún òun? Ó bẹ̀ mí pé kí n lọ sọ fún lọ́yà pé mo ṣì í rántí ni. Ó mú mi lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ má bínú sí i, Màmá. Ènìyàn dáadáa ni.

Mo lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín. Lọ́jọ́ Ajé mo pọn Kúdí, mo dé ẹnu àtẹ̀gùn lọ́yà náà, mo fẹ́ lọ gba gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀rù yàrá, ẹ̀rù Kúdí, ẹ̀rù kí n padà sí Ìsẹ́yìn lọ́wọ́ òfo, gbogbo rẹ̀ ló ń tì mí gòkè. Ẹ̀yin ni mo rántí. Mo rántí àbúrò bàbá mi, télọ̀, tí gbogbo Ìsẹ́yìn ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ jẹ́ ìyàwó tuntun. Ó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ṣe orúkọ bàbá nílé ìwé. Mo bi yín rí nígbà tí mo wà ní kékeré pé ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ló ń béèrè? Lẹ́nu àtẹ̀gùn náà, irú ẹ̀rín yẹn ń bọ̀ lẹ́nu èmi náà. Mo yí padà, mo gba ọ̀nà ilé. Mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Mo kàn mọ̀ pé mi ò lè rín ẹ̀rín náà.

Nítorí náà, ẹ wá o, ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá Rábíù bá yín wá. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ oúnjẹ wọn, ẹ gbé Kúdí lé itan kí wọ́n rí i pé ó ní ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ́ ẹní tí gbogbo wọn ń wo yín, ẹ jókòó sórí àga. Ẹ má kúnlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bẹ̀bẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ irọ́ tí mo pa. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan sọ, èmi fúnra mi á kúnlẹ̀, n óò sì dá ọ̀rọ̀ mi padà lọ́dọ̀ lọ́yà. Bí wọn ò bá rí i, tí wọ́n ṣì ní kí ẹ mú mi lọ, ẹ má ṣe lọ láìmú Kúdí, kódà bó jẹ́ pé iwájú ilé lẹ máa jókòó sí. Mi ò mọ ibi tí n óò sùn lọ́jọ́ náà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kó sọ ìrìn yín di ìrìn ìrọ̀rùn. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ kí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fún mi, ẹ sì sọ ẹni tó fún un ní orúkọ náà fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò parọ́,
Rálíátù.